Bí Àwọn Ará Kalifọ́níà Ṣe Da Àbá Briggs Nù ní 1978

Ní Oṣù Kẹsàn-án 1978, ìwádìí èrò ará ìlú kan jáde ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà lórí àbá òfin tí wọ́n ń pè ní Proposition 6, èyí tí Sẹ́nétọ̀ John Briggs gbé kalẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, 61 ní àwọn fara mọ́ ọn, 31 péré ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Ìbò ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ mọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìbò ní ọjọ́ 7 Oṣù Kọkànlá, ìdá 58.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ̀ ọ́, ìdá 41.6 ló gbà á. Ìbò tí àwọn tó kọ̀ ọ́ fi ju àwọn tó gbà á lọ lé ní mílíọ̀nù kan.

Ohun tí àbá náà fẹ́ ni pé kí wọ́n lé olùkọ́ tó bá jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin (gay), tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin (lẹ́sibíàn), kúrò nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Títí di ìgbà náà, kò tíì sí ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí síwájú gbogbo olùdìbò rí. Lóde òní, tí wọ́n bá ń ròyìn ìjà náà, wọ́n máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé èèyàn kan ṣoṣo ló jà á: Harvey Milk, olóṣèlú gay ní San Francisco, lẹ́nu àwọn kan; Ronald Reagan, gómìnà Kalifọ́níà tẹ́lẹ̀rí, lẹ́nu àwọn mìíràn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí orúkọ wọn ò sí nínú ìwé kankan ló gbé iṣẹ́ náà lọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn olùdìbò. Àwọn ni mo fẹ́ kí ìtàn yìí dúró lé lórí.

Ẹni tó jẹ́ pé Nàìjíríà nìkan ló ti dìbò rí lè má mọ bí irú ìbò yìí ṣe ń lọ. Èèyàn làwa ń dìbò yàn, àwọn tí a yàn ló ń ṣòfin. Ní Kalifọ́níà, láti 1911, ará ìlú fúnra wọn lè kọ òfin, kí wọ́n gbé e kiri kí olùdìbò buwọ́ lù ú. Tí ìbuwọ́lùwé bá ti pé iye tí ìjọba là kalẹ̀, dandan ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìdìbò. Bí “bẹ́ẹ̀ ni” bá pọ̀ ju “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ, ó dòfin nìyẹn, gómìnà ò sì lè kọ̀ ọ́. Ní 1978, iye ìbuwọ́lùwé tí àbá kan nílò lé ní 300,000. Ọ̀nà yìí wúlò níbi tí àwọn aṣòfin bá ti kọ etí ikún sí ìlú. Ewu rẹ̀ ni pé àwọn tí kò pọ̀ níye lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n rí i pé oúnjẹ òòjọ́ wọn ti di ohun tí gbogbo ayé ń dìbò lé lórí.

Miami ni iná náà ti ràn wá. Ní Oṣù Kìn-ín-ní 1977, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Dade County, ìjọba ìbílẹ̀ tí Miami wà lábẹ́ rẹ̀ ní Flọ́rídà, ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé èèyàn níṣẹ́ tàbí kó fi ilé dù ú nítorí pé ó jẹ́ gay tàbí lẹ́sibíàn. Anita Bryant, olórin tí gbogbo Amẹ́ríkà ń rí nínú ìpolówó omi ọsàn Flọ́rídà, dìde sí i. Ó dá ẹgbẹ́ Save Our Children sílẹ̀, ó ní àwọn èèyàn wọ̀nyí ò lè bímọ, nítorí náà ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń wá kó mọ́ra. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn òbí lára. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ló wọ́gi lé òfin náà. Nígbà tó máa fi di Oṣù Kẹrin àti Karùn-ún 1978, St. Paul ní Minnesota, Wichita ní Kansas àti Eugene ní Oregon ti fi ìbò wọ́gi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Gbogbo ibi tí wọ́n ti dìbò yìí ni àwọn gay ti pàdánù.

John Briggs, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ láti Fullerton ní Orange County, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, wà ní Miami nígbà tí Bryant borí. Ó rí bí àwọn èèyàn ṣe tú jáde. Ó sì ń fojú sí ipò gómìnà nígbà náà. Ó padà sí Kalifọ́níà pẹ̀lú èrò tirẹ̀: àwọn olùkọ́ lòun máa dojú kọ. Ní oṣù kan náà tí Miami dìbò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan gún ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ọgbà fún ìlú San Francisco lọ́bẹ pa, nítorí pé ó jẹ́ gay. Àwọn tó sin ín kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn ohun tí irú ìpolongo yẹn lè dá sílẹ̀ ní ìgboro.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú àbá Briggs gan-an, torí ibẹ̀ ni ìjà náà ti yí padà. Apá kan rẹ̀ dá lórí ohun tí èèyàn ń ṣe: kí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lé olùkọ́, olùrànlọ́wọ́ olùkọ́, olùdámọ̀ràn tàbí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ní gbangba pé ó ń bá ẹni tó jẹ́ akọ tàbí abo bíi tirẹ̀ lò pọ̀. Apá kejì dá lórí ohun tí èèyàn ń sọ, òun ló sì burú jù lójú tèmi. Ó ní kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni tó bá ṣe alágbàwí rẹ̀, tó gba èèyàn níyànjú sí i tàbí tó gbé e lárugẹ, lọ́nà tó ṣeé ṣe kó ta sí etí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ inú kíláàsì ló ti sọ ọ́. Olùkọ́ ìṣirò tó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta nílé, tó kàn dìde nínú ìpàdé pé kò yẹ kí wọ́n lé ọ̀rẹ́ òun níṣẹ́, ti wọ inú àwọ̀n òfin yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn lórí àbá yìí kan náà.

Kó má di pé a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí: òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní Oṣù Kìn-ín-ní 2014 ní irú apá bẹ́ẹ̀ nínú. Yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tó wà fún ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ṣàtìlẹ́yìn fún un. Ẹni tó bá rò pé kò kan òun nítorí pé òun kì í ṣe gay, kó tún un kà.

Òfin sì ti wà ní Kalifọ́níà tẹ́lẹ̀ fún olùkọ́ tó bá fọwọ́ kan ọmọ, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Àbá Briggs ò fi nǹkan kan kún ìyẹn. Ohun tó fẹ́ fọ́ ni ààbò tí àwọn olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí. Ní 1969, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ti sọ nínú ẹjọ́ Morrison pé wọn ò lè gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ nítorí ohun tó ṣe níkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin bíi tirẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá fi hàn pé kò yẹ lẹ́ni tó ń kọ́ni. Ní 1975, Willie Brown, aṣòfin aláwọ̀ dúdú láti San Francisco, jà títí tí wọ́n fi yọ ìbálòpọ̀ láàárín àgbàlagbà méjì tó gbà fún ara wọn kúrò nínú ìwà ọ̀daràn. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin àgbà dọ́gba, Igbákejì Gómìnà Mervyn Dymally, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Trinidad, ló dá ìbò náà sí ọ̀nà kan. Ó dùn mọ́ mi láti kọ èyí sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni.

Nígbà tí ìbuwọ́lùwé pé, ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbà pé ó ti tán. Bí wọ́n ṣe máa jà á ni wọ́n wá ń bá ara wọn fà. Ní Los Angeles, àwọn tó mọ ọ̀nà òṣèlú àti ọ̀nà owó, bíi David Mixner àti Peter Scott, gbà pé kí ìpolongo dá lórí ẹ̀tọ́ èèyàn sí àṣírí ara rẹ̀ àti lórí bí ìjọba ṣe ń tojú bọ ohun tí kò kàn án. Ìpolówó irú èyí lè jáde láìsí orúkọ tàbí ojú gay kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ní San Francisco, Harvey Milk, tó wọ ìgbìmọ̀ alábòójútó ìlú ní Oṣù Kìn-ín-ní 1978, ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀. Tirẹ̀ ni pé irọ́ tí Briggs ń pa, èèyàn tó wà láàyè ló lè já a. Níbi ìwọ́de ńlá ọjọ́ 25 Oṣù Kẹfà 1978, ó bẹ àwọn tó pé jọ pé kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún òbí wọn, fún mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́, fún aládùúgbò àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ fún wọn. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ ta àsíá aláwọ̀ òṣùmàrè tí Gilbert Baker ṣe.

Ó rọrùn láti ka ọ̀rọ̀ Milk yẹn kéèyàn kọjá. Ẹ fi ara yín sípò olùkọ́ kan ní ìlú kékeré ní ọdún yẹn. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé bíi ọdún mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ ò mọ̀. Tó bá sọ, ó lè di pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀rí lé Briggs lọ́wọ́. Tí àbá bá wọlé, orúkọ rẹ̀ ló máa wà lókè. Tí kò bá sì sọ, àwọn òbí ọmọ tó ń kọ́ máa lọ dìbò lórí ẹ̀dá kan tí wọ́n rò pé àwọn ò bá pàdé rí, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń kọ́ ọmọ wọn ní ìwé kíkà. Kò sí ibi tó yà sí tí kò léwu. Àwọn tó pinnu láti sọ ọ́ nígbà yẹn, akin ni wọ́n.

Àwọn olùkọ́ kan ti bọ́ síta ṣáájú. Ní 1975, Tom Ammiano, tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àkànṣe ìtọ́jú ní San Francisco, sọ ọ́ ní gbangba pé gay lòun, òun àti Hank Wilson sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ gay sílẹ̀. Nítorí wọn ni ìjà Proposition 6 kò fi bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní ìlú yẹn. Ní Los Angeles, Troy Perry, pásítọ̀ tó dá ìjọ Metropolitan Community Church sílẹ̀ ní 1968, gbààwẹ̀ ọjọ́ 16 ní 1977 lórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba àpapọ̀. Ó ní òun ò ní jẹun títí tí owó tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ ìjà náà yóò fi pé 100,000 dọ́là. Owó náà pé. Gbogbo wa la mọ ohun tí ààwẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó gbàgbọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń pe orúkọ Ọlọ́run níbi ìjà yẹn ló wà lẹ́yìn Briggs.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni ti ojúlé sí ojúlé. Ní San Francisco, Gwenn Craig, obìnrin aláwọ̀ dúdú, àti Bill Kraus ló ń darí ìpolongo “Bẹ́ẹ̀ kọ́ sí 6”. Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ nìyí. Wọ́n á gba orúkọ àwọn olùdìbò láti ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n á pín in ní òpópónà sí òpópónà. Oníyọ̀ǹda á gba ìwé tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀, á máa kan ilẹ̀kùn, á béèrè ibi tí onílé fì sí, á sì fi àmì sí i. Ẹni tó bá ti wà lẹ́yìn wọn, wọ́n á rán an létí ọjọ́ ìbò. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ti pẹ́. Ẹni tó bá fìbínú pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n á kọjá lọ sílé kejì. Lójú ọ̀nà ńlá, àwọn mìíràn á tò sí ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ lè rí wọn láàárọ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ohun tí “bẹ́ẹ̀ kọ́” túmọ̀ sí. Onílé á ní òun ò ní wàhálà pẹ̀lú àwọn gay, òun á dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀rù ọmọ. Ẹ̀rù ọmọ ò ṣeé fi ṣe yẹ̀yẹ́, òbí tí kò bẹ̀rù fún ọmọ rẹ̀ ò tíì mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí àwọn oníyọ̀ǹda ń sọ ni pé òfin ti wà tó ń dáàbò bo ọmọ, àti pé àbá yìí máa fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bínú sí olùkọ́ ní okùn tó máa fi so ó. Lẹ́yìn náà, àwọn kan á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní: èmi tí mo dúró síwájú yín yìí, mo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ onílé máa gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn nìyẹn.

Ṣé irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bẹ́ẹ̀ ń yí ọkàn padà lóòótọ́, àbí àwa tó fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ la kàn ń rò bẹ́ẹ̀? Ní 1978 kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ní 2015, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, David Broockman àti Joshua Kalla, tẹ̀ lé àwọn oníyọ̀ǹda tó ń kan ilẹ̀kùn nípa ẹ̀tọ́ àwọn tó yí akọ tàbí abo wọn padà. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú Science, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ní 2016. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tí kò ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tí oníyọ̀ǹda ti ń fetí sílẹ̀ tó sì ń bi onílé ní ìtàn tirẹ̀, dín ẹ̀tanú kù, kò sì pòórá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Miami ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí Bryant ti borí. Ẹ̀rí yìí ni mo dúró lé tí mo fi ń sọ pé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi rìn ní 1978 kò já sófo.

San Francisco nìkan ò lè gba Kalifọ́níà. Ìpínlẹ̀ ńlá ni, tó ní county 58, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ilẹ̀ àgbẹ̀ àti ìlú kéékèèké tí kò ní ẹgbẹ́ gay kankan. Amber Hollibaugh, obìnrin tó dàgbà nínú òṣì, tí ẹnu rẹ̀ sì mú, gba àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ kiri, ó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn àti ní ilé ìjọsìn. Níbẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tó ti fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ogún ọdún, tí kò lè pàtẹ́wọ́ torí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Healdsburg, ìlú kékeré kan ní àríwá ìpínlẹ̀ náà, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí gbogbo ìlú mọ̀ pé gay ni di ẹni tí Briggs fúnra rẹ̀ wá kojú.

Briggs náà ń rìn kiri, ó sì gbà láti bá Milk jiyàn níwájú èrò. Milk mú Sally Gearhart dání, obìnrin lẹ́sibíàn tó ń kọ́ni ní yunifásítì ìpínlẹ̀ ní San Francisco. Briggs á ní àwọn olùkọ́ gay ń ba ọmọ jẹ́. Gearhart á tú ìwé jáde, á fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fipá bá ọmọ lò pọ̀ jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Briggs á ní ọmọ máa ń fara wé olùkọ́ rẹ̀. Milk á ní ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin ni bàbá òun, ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ lòun ti kàwé, láàárín àwùjọ tó jẹ́ kìkì bẹ́ẹ̀ lòun dàgbà, kí ló wá sọ òun di gay? Èmi ò tíì rí ẹni tó fèsì tó dáa sí ìbéèrè yẹn.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúró tì wọ́n, èyí kò sì ṣẹlẹ̀ lójijì. Ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ Teamsters ń bá iléeṣẹ́ bíà Coors jà, Milk ló lọ bẹ àwọn ilé ọtí gay ní San Francisco pé kí wọ́n má ta Coors mọ́, wọ́n sì gbà. Ohun tó béèrè padà ni pé kí ẹgbẹ́ náà ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ awakọ̀ fún àwọn gay. Nígbà tí Proposition 6 dé, àwọn òṣìṣẹ́ kan ti mọ irú èèyàn tí wọ́n ń sọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìpínlẹ̀ náà, California Teachers Association, náà kọ àbá yìí. Wọ́n ti rí i pé ẹnu gbogbo olùkọ́ ni wọ́n fẹ́ dì.

Reagan wá kan. Ó ti kúrò nípò gómìnà ní 1975, ó ń múra fún ìbò ààrẹ ti 1980, àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sì pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn Briggs. Mixner àti Scott wọlé lọ bá a, wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà yé e ní èdè tirẹ̀: ìjọba tó ń ti ọwọ́ bọ ibi tí kò yẹ, àti kíláàsì tí ọmọ lè fi gbẹ̀san lára olùkọ́. Ó kọ́kọ́ sọ pé òun ò fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Los Angeles Herald-Examiner. Ó ní ohun yòówù kó jẹ́, kì í ṣe àrùn tó ń ràn bíi èéyi (measles). Ó tún béèrè pé: bí ọmọ tí kò rí máàkì tó fẹ́ bá purọ́ mọ́ olùkọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ààrẹ Jimmy Carter, tó wá ṣe ìpolongo ní Sacramento pẹ̀lú Gómìnà Jerry Brown, ní kí gbogbo wọn dìbò tako Proposition 6. Gerald Ford, ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀, náà tako ó.

Àwọn tó ń sọ pé Reagan ló gba ìbò yìí ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ní Orange County, ilé Briggs gan-an, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn Reagan gidigidi, “bẹ́ẹ̀ kọ́” ló borí. Mi ò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ bá Reagan, gay ni, ó sì jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó jẹ́ gan-an. Iṣẹ́ tí Mixner ṣe nínú yàrá yẹn àti èyí tí oníyọ̀ǹda ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn jọ ara wọn ju bí àwọn méjèèjì ti fẹ́ gbà lọ. Ibi tí mo ti dá ìhà San Francisco láre ni pé ìpolongo tó bá fi àwọn tí wọ́n ń gbèjà pamọ́ lè borí lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ tó máa jà lọ́jọ́ kejì.

Ní alẹ́ ọjọ́ ìbò náà, Seattle pẹ̀lú dìbò lórí òfin tó ń dáàbò bo àwọn gay níbẹ̀, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí òfin náà dúró. Èyí tí Briggs borí nínú ìwé ìdìbò yẹn ni Proposition 7, àbá rẹ̀ lórí ìdájọ́ ikú. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítorí náà, ará Kalifọ́níà ò tíì di ẹlòmíràn ní ọjọ́ kan. Orí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ti gbọ́ àlàyé rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó kàn ni wọ́n ti yí padà.

Ní ọjọ́ 27 Oṣù Kọkànlá, ogún ọjọ́ lẹ́yìn ìbò, Dan White, tó ti wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú pẹ̀lú Milk, wọ ọ́fíìsì ìlú San Francisco, ó sì yìnbọn pa Olórí Ìlú George Moscone àti Milk.

Ní Oklahoma, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ní 1978 kan náà, ilé aṣòfin ibẹ̀ ṣe òfin tó jọ ti Briggs, láìgbé e síwájú ará ìlú. Ó di kí wọ́n gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé apá tó dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ní 1984, àwọn adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà pín sí mẹ́rin mẹ́rin ní 1985, ìdájọ́ ìṣáájú sì dúró bẹ́ẹ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan, olùkọ́ Oklahoma ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù ohun tí olùkọ́ Kalifọ́níà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù méjì.

Kalifọ́níà náà gbàgbé. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kọkànlá 2008, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún dìbò fún Proposition 8, tó fi òfin de ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo. Àwọn tó tako ó náwó rẹpẹtẹ lórí ìpolówó tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a rí tọkọtaya gay nínú àwọn ìpolówó wọ̀nyẹn. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, nítorí pé ìyá-ìjà kan náà ni wọ́n ti jà lẹ́ẹ̀kan rí. Lẹ́yìn ìfìdírẹmi yẹn ni àwọn kan ní Los Angeles bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó dìbò lòdì sí wọn, kí wọ́n lè gbọ́ ìdí rẹ̀. Láti ọwọ́ wọn ni ọ̀nà tí Broockman àti Kalla wá wọ̀n ti jáde. Ní 2024, ará Kalifọ́níà fi ìbò yọ ọ̀rọ̀ Proposition 8 kúrò nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn.

Tom Ammiano wọ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ San Francisco ní 1990, lẹ́yìn náà ó wọ ìgbìmọ̀ alábòójútó ìlú. Nínú ìwé ìdìbò ọjọ́ 4 Oṣù Kọkànlá 2008 kan náà, àwọn ará ìlú rẹ̀ dìbò yàn án sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Sacramento, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2014.